Bàbá Tí Wọ́n Pa Lójú Ìwé Kìíní

Òórùn kafúrà àti ti ìwé tuntun ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òfì lápá kan, tí wọ́n sì ń ta ìwé lápá kejì. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ra ìwé ìtàn kan fún mi lọ́dún tí mo wọ kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ti ọ́fíìsì wọn ní Agodi dé, wọn ò tíì bọ́ táì ọrùn wọn tí wọ́n fi mú mi lọ síbẹ̀. "Wọ́n ní gbogbo ọ̀dọ́ ló ń kà á," ni wọ́n wí. Bàbá mi kì í sábà ra nǹkan fún mi. Mo gbé ìwé yẹn sáyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi. Àlọ́ ọmọ aláìníyàá tí ìyàwó bàbá rẹ̀ rán lọ wá ìgbakọ tí odò gbé lọ ni, èyí tí ìyá tó bí ìyá mi máa ń pa fún mi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ náà rìn títí, ó bá ìyá arúgbó kan tí egbò bo ẹ̀yìn rẹ̀ pàdé létí odò, ó sì wẹ ẹ̀yìn náà fún un láì yínmú. Ìyá arúgbó yìí ló fọ̀nà hàn án tó fi padà sílé pẹ̀lú ọrọ̀. Ṣé o rí i, ìyá tèmi náà ti kú, ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá mi ni mo ń gbé ní Àrẹ̀mọ. Èmi ló ń pọnmi, èmi ló ń fọ abọ́, oúnjẹ tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni mo sì ń jẹ nílé ìdáná nígbà tí àwọn yòókù bá jẹun tán. Bí ìyá àgbà bá ń pa àlọ́ yẹn, ńṣe ni mo máa ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé ara rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Òǹkọ̀wé yìí ti sọ ìyàwó bàbá di àǹjọ̀nú olójú pupa tó ń fò lórí òrùlé. Kò sí ìyá arúgbó, kò sí egbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà létí odò, iwin ni, ojú rẹ̀ ń tàn bíi mànàmáná, ẹwà rẹ̀ kò sì ṣeé sọ tán. Ọmọbìnrin náà kàn dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, iwin sì ṣe gbogbo iṣẹ́ fún un. Kò wẹ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ tọwọ́ bomi. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Bàbá ti kú lójú ìwé kìíní, ẹ̀mí àìrí kan ló fún un lọ́rùn.

Mo mọ ìyàwó bàbá mi o. Kò fò rí. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ohùn orin rẹ̀ dùn, tó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ bu oúnjẹ tèmi kẹ́yìn. Bí o bá sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di àǹjọ̀nú, o ti dá a láre nìyẹn. Ta ló máa bi àǹjọ̀nú pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ tí òǹkọ̀wé náà fi wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Mápó. Bàbá mi ló mú mi lọ. A gun òkè Mápó nínú oòrùn, inú wọn ń dùn. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn ọmọbìnrin ń pariwo orúkọ iwin inú ìwé bíi pé olórin ni. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, mo ti wà lórí ìdúró kí n tó mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ fi pa bàbá ọmọ náà?"

Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá ò níṣẹ́ kankan tó máa ṣe nínú ìtàn yẹn, ọmọ dáadáa. Ó kàn máa dí wa lọ́nà ni."

"Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún mi, ó wà láàyè, sà." "Ó wà nílé. Ó ń jẹun. Ó rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ sódò, kò sì sọ nǹkan kan."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ni wọ́n ń wò.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, a kọjá àwọn aláṣọ. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí níbẹ̀ yẹn?"

"Ìwé ni mo ń bá wí, sà." Mo rìn díẹ̀ sí i. "Àmọ́ ẹ máa ń wà nílé, bàbá mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìyàwó wọn gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. "Oúnjẹ ọmọ mi dà?" ni wọ́n bi í, ohùn wọn ò le. "Gbé e wá síbí."

"Ó ṣì ń fọ abọ́ lọ́wọ́."

"Ó máa kọ́kọ́ jẹun."

Mo jẹun lórí tábìlì bàbá mi, ìyàwó wọn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò lè gbójú sókè. Ilé wa kò torí ìyẹn di ọ̀run. Ìyàwó bàbá mi bá mi yan odì fún ìgbà pípẹ́, omi sì ṣì wà fún mi láti pọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ oúnjẹ alẹ́ láìsí mi mọ́ títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Àwọn tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún máa ń ní ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwé náà. Mo kọ̀. Bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi sí i. Ro ti àwọn ọmọbìnrin inú gbọ̀ngàn yẹn wò, àwọn tó padà sílé tó dà bíi tèmi, tí wọ́n lọ ń retí iwin arẹwà nídìí ẹ̀rọ omi, nígbà tí bàbá wọn wà nínú yàrá tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Àlọ́ ìyá àgbà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó sọ fún ọmọ tó ń jìyà pé èèyàn ló ń fìyà jẹ ẹ́, pé èèyàn ló sì jókòó tó ń wò ó. Èèyàn ṣeé bi léèrè. Èmi bi bàbá mi.