Bàtà Ọ̀tún Baba Ìṣẹ́jú

Ẹ jẹ́ kó di mímọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé sájẹ́ńtì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í mu omi láìkọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ sín, á wo aago. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ tó, á wo aago, á ní, "Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, iyọ̀ tó." Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti wà nílé ọkọ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun, bàbá òun ò sọ pé òun rẹwà. Àkókò ló kéde.

Iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi jókòó sẹ́yìn kántà àgọ́ ọlọ́pàá, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá wọlé sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú: ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, ẹni tí wọ́n mú, ewúrẹ́ tó sọnù. Baba Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń pè é. Níbi tí ẹlòmíràn bá ti kọ "bí aago mẹ́ta", òun á kọ "aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin", á sì máa yangàn bí ẹni pé òun ló bí àkókò.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tí kò sí nínú ìwé òfin. Ọjọ́ kejì tó débẹ̀ ni akọ̀wé àgbà tó bá níbẹ̀ ti fi kọ́ ọ pé kó má ṣe kọ̀wé dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Kó fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo. "Ìsàlẹ̀ ìwé, ti ọ̀gá ni," ni àgbà náà wí. Ohun tí ọ̀gá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, ibẹ̀ ni wọn á kó o sí. Baba Ìṣẹ́jú ò bèèrè irú ìrántí wo ló ń pẹ́ dé tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í fọ̀rọ̀ wá ọbẹ̀ lẹ́nu wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá àgọ́ náà, ọkùnrin kan tí kò ju ọmọ bíbí inú Baba Ìṣẹ́jú lọ, mú aránbàtà kan wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ aránbàtà ni pé ọ̀gá gbé bàtà wá fún un, ó sì ní kí ọ̀gá dúró kó kàn án. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ ná, òun ń bọ̀.

Baba Ìṣẹ́jú jáde láti ẹ̀yìn kántà láti fi bẹ́ǹṣì hàn án. Aránbàtà ò wo bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Bàtà ọ̀tún yín ti yanu sílẹ̀. Ó jọ pé ebi ń pa á."

"Ẹni tí wọ́n mú kì í bú bàtà agbófinró."

"N ò bú u o. Ẹ bọ́ ọ wá, ẹ jẹ́ n bọ́ ọ yó."

Ó fa abẹ́rẹ́ àti okùn yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú. Baba Ìṣẹ́jú wo aago, ó wo bàtà, ó sì ní kí òfin ṣì sinmi díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún aránbàtà ń lọ ń bọ̀ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí bàtà fi panu dé.

Ìgbà náà ni ọ̀gá padà dé, tó mú aránbàtà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, tó sì ti ilẹ̀kùn. Baba Ìṣẹ́jú gbọ́ igbe lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo aago. Kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá fara ti kántà.

"Baba, ṣé ìlà ṣì kù nísàlẹ̀ ewé àárọ̀ yìí?"

"Ó kù, sà."

"Ẹ kọ ọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́ kó tó wọlé. Ó ní orí kẹ̀kẹ́ lòun ti já bọ́."

"Aago mélòó ni kí n kọ, sà?"

"Ẹ̀yin lẹ laago."

Baba Ìṣẹ́jú mú bírò. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti wò ó. Ó kọ "aago mẹ́sàn-án", ó sì pa ìwé dé.

Láti ọjọ́ náà ni bàtà ti di ẹlẹ́rìí sí i lẹ́sẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ òsì á tutù rinrin, ọ̀tún á gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí.

"Bàbá wọn, ẹ ń rìn bí ẹni tí ìgò gún. Ṣé bàtà yẹn ń fún yín ni?"

"Kò fún mi."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Wọ́n rán an dáadáa ni."

"Ẹ ò wo aago kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Nǹkan wà ńbẹ̀."

Nígbà tó máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, ó gba òdìkejì títì. Aránbàtà jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Aránbàtà rí i, ó gbóhùn sókè.

"Bàbá! Ṣé kò tíì tú?"

"Kò tíì tú," ni Baba Ìṣẹ́jú fọ̀. Ìbá sàn fún un ká ní ọkùnrin náà ṣépè.

Aránbàtà kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Baba Ìṣẹ́jú fẹ̀yìntì. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti ṣe olùkọ́ rí, awò ojú rẹ̀ wà ní góńgó imú. Ọ̀gá ti sọ tirẹ̀: kí wọ́n wo ìwé, ìwé kì í purọ́.

"Sájẹ́ńtì, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọjọ́ méjì ni mo fi ka ìwé yín. Ewúrẹ́ sọnù ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Tọkọtaya jà ní mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní aago géérégé lágọ̀ọ́ yìí láti ọjọ́ yìí wá, àfi ọwọ́ ọkùnrin yìí. Kí ló dé?"

Ọ̀gá wúkọ́. Irọ́ kejì ti dé ètè Baba Ìṣẹ́jú: yóò ní aago òun dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wá rí aránbàtà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Aránbàtà ò wo ojú rẹ̀. Bàtà ló ń wò, bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

Baba Ìṣẹ́jú wo aago.

"Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, mà, mo jẹ́wọ́ pé mo purọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó gbé e sórí tábìlì. "Ọwọ́ tí mo kọ pé ó ti ṣẹ́ kó tó wọlé ló rán èyí níwájú kántà mi. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bírò sì wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ọ̀gá, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n já okùn ipò kúrò léjìká Baba Ìṣẹ́jú náà, ó sì lọ sílé láìsí ayẹyẹ ìdágbére. Kò jiyàn. Wọ́n ṣòfin pé láti ìsinsìnyí, kí wọ́n máa fa igi la ìlà tó bá ṣófo nísàlẹ̀ ewé.

Àwọn kan ní ìjẹ́wọ́ máa ń mú ọkàn fúyẹ́. Wọn ò tíì jẹ́wọ́ rí. Ó lọ bá aránbàtà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí òun fi ọjọ́ orí jù lọ, ó ní kó dákun, kó má bínú.

"Ẹ dìde, Bàbá. Èmi ti gbọ́," ni aránbàtà wí, ó sì na ìka tí kò ká mọ́ sí i. "Ọwọ́ yìí ni kò tíì gbọ́."

Bàtà ọ̀tún wà ní kóòtù títí dòní, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n ní títí ẹjọ́ á fi parí. Òsì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń gbálẹ̀ ló ń bèèrè pé ṣé kóun dà á nù. Baba Ìṣẹ́jú á wo aago, á sì tún tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù ú lọ, kí lèèyàn ń fi bàtà ẹyọ kan ṣe?