Màmá Onídìrí àti Irun Jẹ́nsinmi

"Ọkọ mi, búrọ́ọ̀ṣì tó léyín irin yẹn, o ò gbọdọ̀ fi kan Jẹ́nsinmi lára o."

Ohun tí Màmá Onídìrí sọ kẹ́yìn nìyẹn, lórí ibùsùn ọsibítù, kó tó yíjú sí ògiri. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọkọ Màmá nítorí bí ìyá náà ṣe máa ń pè é. Jẹ́nsinmi, ajá ni. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù, olúkúlùkù ló ń bi í pé kí ni Màmá wí kó tó lọ. Ó ní Màmá ṣàdúrà fún gbogbo ilé. Ta ló fẹ́ dìde láàárín ẹkún kó sọ pé ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ni?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò lè ya ẹni tó mọ Màmá lẹ́nu. Ẹni bẹ́ẹ̀ á ṣáà ti gbọ́ ìtàn orí ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin yìí ń ta ohun ìtọ́jú ajá àti ológbò ní ìkángun òpópónà. Màmá wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó fi okùn fa Jẹ́nsinmi dání, Ọkọ Màmá ń tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun ń wá búrọ́ọ̀ṣì tí yóò kó irun tó ń já lára ajá onírun kúkurú, tí kò sì ní í dun ajá náà. Ọkùnrin náà kó mẹ́rin síwájú rẹ̀. Màmá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan họ ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ ti pa ọwọ́ òun, kò mọ ìrora mọ́. Ló bá gbójú sókè, ó rí orí ọkùnrin náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Jókòó," ó ní.

"Èmi kẹ̀, Màmá?"

"Irun ajá mi kúrú, irun tìẹ náà kúrú. Jẹ́nsinmi ò lè sọ̀rọ̀, ìwọ lè sọ̀rọ̀. Bó bá dùn ọ́, wí."

Ọkùnrin náà fi àáké kọ́rí, àmọ́ àáké Màmá ló mú jù. Ó jókòó sórí àpótí, Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí oníbàárà mìíràn fi wọlé, ó bá oníṣọ́ọ̀bù níjòókòó tí wọ́n ń ya orí rẹ̀, tí ajá jókòó tì í. Ó wo ọkùnrin, ó wo ajá, ó bi Màmá pé ta ló kàn.

Láti ìgbà ọmọge ni Màmá ti ń dirun. Kò gbà pé irun kan wà láyé tí òun kò lè kápá. Aládùúgbò tó fún un ní Jẹ́nsinmi sì ti fi í lọ́kàn balẹ̀: ó ní irun ajá yìí kúrú, kò lè yọ wọ́n lẹ́nu. Irọ́ gbuu. Irun kúkurú funfun yẹn ń já bọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn ìyẹ̀fun. Ó wọ táwẹ̀lì, ó wọ àga, ó wọ tíì. Obìnrin agbẹjọ́rò kan dirun tán ní ṣọ́ọ̀bù Màmá lọ́jọ́ kan, ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó gba kóòtù lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé tìbínú-tìbínú. Ó ní adájọ́ dá ẹjọ́ dúró, ó ní kí òun kọ́kọ́ lọ gbọn ara òun wá. Ó ní kí Màmá yan ọ̀kan, ajá tàbí òun.

Màmá ní òun yan àwọn méjèèjì.

Búrọ́ọ̀ṣì tó kọ́kọ́ rà, eléyín irin gígùn ni. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù ti kìlọ̀ fún un pé irun gígùn lèyí wà fún, kó mú onírọ́bà. Màmá wo rọ́bà náà tó rí róbótó, tó rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní ohun tí wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò nìyẹn. Ẹni tí kò dirun rí kì í kọ́ onídìrí níṣẹ́. Ó gbé irin lọ sílé. Ó fi fa ẹ̀yìn Jẹ́nsinmi, ajá ké. Nígbà tí Màmá la irun náà wò, ó rí ilà pupa lára awọ.

Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó gbé orí ajá lé itan, ó ní gbogbo orí tí òun ti ń ṣe bọ̀, òun ò ṣe ọ̀kankan léṣe rí. Ìyẹn ló gbé e padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà, tó fi di ọ̀rọ̀ "Jókòó." Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi yà á lórí, mẹ́ta mú un rún ojú. Onírọ́bà ló mú un sùn lọ. Màmá jí i, ó ní òun ti rí èyí tí òun ń wá.

Ṣùgbọ́n kí Màmá gbà pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ dárúkọ onírọ́bà? Láéláé. Ó sọ fún agbẹjọ́rò pé òun ló fi làákàyè ara òun rò ó. Nígbà tó ṣe, ìtàn náà dàgbà: wọ́n ti fi hàn án lójú àlá. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù yà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, ó bá ìtàn àlá náà láàárín, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní àlá gidi ni. Ẹni tó ti sùn lọ lọ́wọ́ èèyàn rí, àríyànjiyàn wo ló kù?

Láràárọ̀, Màmá á mú Jẹ́nsinmi lọ sẹ́yìnkùlé. Á fi onírọ́bà ra á yíká-yíká láti ọrùn dé ìdí, kò ní í tẹ̀ ẹ́ níbi egungun. Á wá fi táwẹ̀lì tó tutù díẹ̀ kó èyí tó kù. Àmọ́ ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́ náà jù. Àṣírí tí àwọn oníbàárà tú fún un, tí kò jẹ́ sọ fún ọmọ èèyàn, Jẹ́nsinmi ló ń sọ ọ́ fún. Ajá náà mọ ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ, ó mọ ẹni tó ń dín ọjọ́ orí kù. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ajá á gbójú sókè wò ó, Màmá á sì wúkọ́.

Màmá lọ, irun bo ilé. Àǹtí, àkọ́bí Màmá, ló fẹ́ máa bá iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì ní òun kò lè fi irun ajá bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní ọgbà ńlá máa wá mú Jẹ́nsinmi lọ ní Sátidé, àfi bí Ọkọ Màmá bá lè kápá irun náà. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Ọkọ Màmá. Kò tíì sunkún pàápàá. Ṣùgbọ́n ajá yẹn nìkan ló kù nínú ilé tó ti máa ń jí sí ohùn Màmá láràárọ̀ bíi tirẹ̀.

Ó mú onírọ́bà. Ó fi ra Jẹ́nsinmi lẹ́ẹ̀kan, ajá dìde, ó kúrò. Ó tọ̀ ọ́ lọ, ajá tún kúrò. Báyìí ni wọ́n ń yí ẹ̀yìnkùlé ká títí ó fi di ọjọ́ Ẹtì. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe gan-an?"

Ajá na etí, ó dúró. Ìgbà náà ló yé Ọkọ Màmá pé ọ̀rọ̀ ni ajá ń retí. Kò sì mọ àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn.

"Màmá ti kú," ó ní. Ẹnu rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ rí. "Wọn ò ní í gbé e padà wá. Má jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́."

Ajá kò kúrò. Ó ń ra á, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ bí èèyàn ṣe pọ̀ tó níbi ìsìnkú. Ó sọ bí Àǹtí ṣe ń sunkún títí wíìgì fi yí lórí rẹ̀, tí iwájú rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ etí, tí gbogbo èèyàn ń wolẹ̀.

"Ìwọ náà rí i," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀, "o ò sì sọ fún mi."

Àǹtí ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkọ Màmá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Àǹtí. "Ọmọ onídìrí," ó ní, "níwájú ibojì onídìrí." Wọ́n rín in títí Àǹtí fi di ilẹ̀kùn mú. Kí ẹ̀rín náà tó tán, omi ti wà lójú àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó nu tirẹ̀.

Àǹtí wo irun funfun tó ti jọ gègèrè sílẹ̀. Ó ní kí Ọkọ Màmá pe ọlọ́gbà, kó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

"Kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé o ti yà á o. Kí o sì máa fetí sí àwọn oníbàárà, kí ọ̀rọ̀ má baà tán lẹ́nu ẹ."

Àǹtí wọlé. Ajá ti sùn. Ọkọ Màmá kó táwẹ̀lì ọ̀la jọ, ó pọn omi sínú báàfù, ó fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sá wọn sórí okùn, ó ń fọwọ́ na etí wọn kó tó fi wọ́n sílẹ̀.