Ìyá Tó Ní Kò Sí Ìgbà Tí Òun Ò Lè Ṣiṣẹ́

Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, inú máa ń bí mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Dublin nígbà tí owó ya wọ ìlú àwọn ará Ireland, tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Ìyá kan láti Ìbàdàn, tó ń fọlẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà, ló ń bọ́ mi. Ní gbogbo Jímọ̀, tó bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, á yà sí ọjà Moore Street ra iṣu, á ní kí n wá jẹun.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì wá gbé iṣẹ́ kan fún mi. Kí n kọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó dá dúró, tó ru ẹrù tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó mọ̀, àkókò tí kò lè ṣiṣẹ́, èyí tí à ń pè ní òfin rẹ̀. Mi ò ní kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe pín iṣẹ́. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nìkan ni màá sọ, òun fúnra rẹ̀ yóò wá ètò tí kò rú òfin ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ tó gba àwọn afọlẹ̀ pápákọ̀ síṣẹ́ ní ká fi tiwọn dán an wò.

Mo mú bírò, mo bi wọ́n léèrè níkọ̀ọ̀kan, níwájú máníjà wọn. Àwọn ará Ireland ka tiwọn sílẹ̀ bí ẹni ń rojọ́: ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tí wọ́n á lọ mú ọmọ níléèwé. Ó kan ìyá. Ó wo máníjà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín: "Any time is grand," pé ìgbàkígbà ló dára. Èmi ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Òfin rẹ̀: òdo.

Wàràwàrà lẹ̀rọ mú ètò jáde. Gbogbo àkókò tí ẹlòmíràn kọ̀, ìyá ló fi dí i, ọ̀sán Jímọ̀ sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, orí mi wú. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò bi ara mi ohun tó dé tí mi ò rí iṣu Jímọ̀ jẹ mọ́. Ẹ wo ọ̀dẹ̀!

Ní Jímọ̀ kẹrin, ìyá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ kírun. Kó tó padà dé, wọ́n ti lé e.

Ọ̀gá mi ní ètò náà pé, ìyá ni kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Mo sáré lọ bá ìyá nílé, mo jágbe mọ́ àgbàlagbà: "Ẹ̀yin lẹ ní ìgbàkígbà, mà!"

Kò tilẹ̀ bínú. "Iwájú òyìnbó tó gbà mí síṣẹ́ ni kí n ti máa ka ohun tí mi ò lè ṣe? Ìwọ ni bírò wà lọ́wọ́ ẹ, ọmọ mi. Mo ní o kúkú mọ ibi tí mò ń lọ ní Jímọ̀. Ṣebí tí mo bá ti ibẹ̀ dé lò ń wá jẹun."

Ó ti pẹ́. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yẹn báyìí, ìbínú náà ò sì lọ. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mi ò bá ẹ̀rọ jà, ohun tí mo fún un ló lò. Inú èmi ni ọ̀rọ̀ ìyá dé, àbọ̀ náà ló sì wà, kò di odindi, títí wọ́n fi lé e.