Ọmọ Ológbò Tí Eyín Rẹ̀ Kò Tíì Yọ Tán

Ọdún kẹta rèé tí Dúróríkẹ́ ti ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, Ṣàngótóbi, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sínú ilé wọn ní Ilero. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló ń gun ọ̀kadà lọ sóko tí àwọn méjèèjì jọ máa ń ro tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn ni àwọn ọmọ wọn wà. Wọ́n máa ń pè lórí fóònù. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í bóyá ó rí oorun sùn.

Lọ́dún yìí, èkúté tún wọ yàrá tó kó àgbàdo sí. Ṣùkúrù, ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ sóko, bá gbé ọmọ ológbò kan wá fún un nínú páálí. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìgbòho lòun ti rí i, pé yóò ti tó ọmọ oṣù méjì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa pa eku. Dúróríkẹ́ gún ẹja gbígbẹ, ó pò ó mọ́ ẹ̀kọ, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ológbò ò fẹnu kàn án. Ó ń ké ṣáá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti há.

Dúróríkẹ́ gbé e lọ bá Bàbá Ìyápọ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún gún màlúù lábẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri Òkè-Ògùn kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá gbé ọmọ ológbò náà lé orúnkún. Ojú rẹ̀ ti là, àmọ́ ó ṣì ní àwọ̀ aró. Etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà ró ni. Nígbà tó gbé e sílẹ̀ pé kó rìn, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó fìdí jókòó. Bàbá wá fi àtàńpàkò ká ètè rẹ̀ sókè. Eyín wẹ́wẹ́ iwájú ń yọ bọ̀ bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ti ṣóńṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò tíì jáde rárá.

“Ìyá Ayọ̀bámi,” ó ní, “ẹni tó pè é lóṣù méjì kò yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọmú ló yẹ kó ṣì máa mu.”

Ó ṣàlàyé pé wàrà ewúrẹ́ lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni yóò máa mu ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru, àti pé wọn yóò máa fi aṣọ tútù nu ìdí rẹ̀ kó tó lè tọ̀, nítorí ahọ́n ìyá rẹ̀ ni ìbá máa ṣe é.

Dúróríkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Bàbá, mo ti ń nu ìdí ẹnì kan nílé,” ó wí. “Ó ti rẹ̀ mí.”

Bàbá ní kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi bó bá fi í sílẹ̀. Òun fúnra òun ìbá gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n jù. Síbẹ̀ ó mú sìríńjì tuntun kan jáde, ó yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ dànù, ó fi í sí i lọ́wọ́.

Dúróríkẹ́ délé, kò tíì pinnu ohunkóhun. Ó fún wàrà lára ewúrẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kó lè ráyè gbé wàrà kaná, ó gbé ológbò náà lé ọkọ rẹ̀ láyà. Ọwọ́ ọ̀tún Ṣàngótóbi, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, gbéra díẹ̀díẹ̀, ó bo ẹran náà. Ọkùnrin tó ti pa ẹnu mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ bá béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n tó wúwo.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

“Gbé e wá.”

Sìríńjì ló ń tọ́ka sí. Ìdajì wàrà náà dà sí i láyà, ṣùgbọ́n ológbò rí ìyókù mu.

Láti ọjọ́ náà, tọ̀sán di ti ọkọ, tòru ṣì jẹ́ ti ìyàwó. Eyín ṣóńṣó yọ, ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja. Èkúté ti ba ohun tó ju ìdajì àgbàdo lọ jẹ́. Àwọn ọmọ ò wálé. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Ṣàngótóbi ti ń bọ́ ológbò rẹ̀, Dúróríkẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá kan náà, pé kí òun kàn na ẹ̀yìn díẹ̀. Ìgbà tí ewúrẹ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ló tó jí.