Bí Àwọn Àgbà Ṣe Ń Da Ìdọ̀tí Nù ní Igbó Ẹfọ̀n

Nígbà Kòrónà, alága ẹ́sítéètì tí mò ń ṣọ́ ní Igbó Ẹfọ̀n pe gbogbo àwa ẹ̀ṣọ́ jọ, ó ka òfin sí wa létí. Ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún kò gbọ́dọ̀ jáde nílé, àfi tó bá fẹ́ da ìdọ̀tí nù lẹ́yìn géètì kékeré. Èmi ni mò ń ṣọ́ géètì yẹn. Ó ní ẹ̀ṣọ́ tó bá jẹ́ kí àgbàlagbà máa rìn kiri, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń wojú mi ní Awoyaya. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Adéọlá yọ pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé nítorí orúnkún wọn, wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó sójú kan. Mo kí wọn, wọ́n kọjá. Kò tó wákàtí kan, wọ́n tún dé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo tọrọ gáfárà, mo yẹ ọ̀rá náà wò. Èèpo ẹ̀pà ẹyọ kan ló wà níbẹ̀.

"Màmá, ṣé ìdọ̀tí nìyí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Múfú, ṣé òfin yín sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó?"

Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí géètì.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, gbogbo àgbà àdúgbò ti di onídọ̀tí. Bàbá kan a máa gbé ọ̀rá tiwọn lérí, kí n lè rò pé ó wúwo. Tọkọtaya kan pín èèpo ọsàn kan ṣoṣo sí méjì. Gbogbo wọn bo imú, wọ́n sì jìnnà síra bí ìjọba ti wí.

Alhaji ojúlé kẹsàn-án nìkan ni kò bá wọn ṣe é. Wọ́n ní àwọn kì í rú òfin. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn tó ń gbé oúnjẹ wá sọ fún mi pé bàbá kò lè ti yàrá dé pálọ̀ mọ́ láìdi ògiri mú. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán níwájú ilé wọn, mo ní alága ń bínú pé ìdọ̀tí wọn ti pọ̀ jù, kí wọ́n máa wá dà á nù fúnra wọn. Irọ́ ni mo pa.

Alhaji jáde, wọ́n ń di ògiri mú lọ. Lọ́jọ́ kìíní, wọn kò rìn ju ilé méjì lọ. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi ní géètì, Màmá Adéọlá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni alága bá wa. Ó gba ọ̀rá Alhaji, ó tú u. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá dà nù?"

Èmi ló bi, àwọn ọmọ mi sì ni mò ń rò. Kí n tó lanu, Màmá ti fèsì.

"Ẹsẹ̀ tó ti gan ni, alága."

Alága wo ẹsẹ̀ Alhaji, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. Ó dá ọ̀rá padà fún wọn, ó ní kí wọ́n rọra. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé tuntun jáde pé àwọn àgbà lè máa rìn láàárọ̀.

Èmi ni olórí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ ara wọn ni Alhaji fi ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n bá mi wí pé mo pẹ́ kí n tó ṣí géètì.