Òkúta Àrá Láti Erékùṣù Møn

Bí àrá bá sán ní Houston lónìí, ojú fèrèsé ilé ìdáná ni ojú mi kọ́kọ́ ń sá lọ. Mo rántí ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, tí mò ń gbé nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí ṣe. Iléeṣẹ́ tó gbà mí rán mi sí ìyá òyìnbó kan ní Missouri City, opó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń dá gbé. Màmá ni mo ń pè wọ́n, nítorí ẹnu mi kò gbà á kí n máa pe arúgbó lórúkọ. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n orí wọn pé pérépéré. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé ní Fulshear, láti ọjọ́ tí mo sì ti débẹ̀ ló ti ń sọ pé ilé àwọn arúgbó ló yẹ ìyá òun. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ilé tí ọkọ àwọn kú sí ni àwọn náà máa kú sí. Níwọ̀n ìgbà tí orí wọn bá ṣì pé, kò sí ẹni tó lè gbé wọn kúrò níbẹ̀.

Denmark ni wọ́n ti wá, láti erékùṣù kan tó ń jẹ́ Møn. Bí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ wọn nínú abọ́, wọ́n á máa ròyìn rẹ̀. Wọ́n ní òkè kan wà létí òkun níbẹ̀ tó funfun láti òkè délẹ̀, nítorí pé ẹfun ni gbogbo rẹ̀. Igbó ló wà lórí òkè náà, ewé rẹ̀ a sì máa tutù yọ̀yọ̀ bí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí òjò àti yìnyín bá ti nà án tó, apá kan a ya lulẹ̀ sínú òkun, omi a sì funfun bí omi ògì. Àwọn ọmọdé a wá sáré lọ ṣa òkúta tí ẹfun náà bá tú jáde. Wọ́n tún ní ọba kan ń gbé inú òkè náà, tí kò kú, tí ẹṣin rẹ̀ náà kò kú, tó jẹ́ pé bí ogun bá dé, á jáde wá gbèjà erékùṣù. Nítorí náà, bí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ bá kórè, wọ́n á fi ìdì ọkà ìkẹyìn sílẹ̀ lóko fún ẹṣin ọba.

Ẹ wo ohun tí etí mi gbọ́: ẹfun, ọba tí kò kú, oúnjẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ojú kò rí. Ọmọ ìjọ tó ń gbààwẹ̀ lemọ́lemọ́ ni mí nígbà náà, mo sì ti pinnu pé ohun tí mo sá fún nílé kò gbọdọ̀ bá mi dé Amẹ́ríkà. Mò ń mi orí, mò ń fọ ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí.

Òkúta kan wà lójú fèrèsé ilé ìdáná wọn. Ó rí roboto, kò ju ẹyin adìẹ lọ, ìlà márùn-ún sì tàn ká orí rẹ̀ bí ìràwọ̀. Inú àpótí ni Màmá fi sí ní gbogbo ọdún tí ọkọ wọn wà láyé, nítorí ọkọ náà máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó gbé e jáde, ọmọ wọn tí kì í pẹ́ níbẹ̀ kò sì kíyè sí i rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dé, irú òjò Houston tí í sọ títì di odò. Àrá sán, iná lọ. Màmá fi ọ̀pá dìde, wọ́n lọ fọwọ́ pa òkúta náà, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn. Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn.

“Òkúta àrá ni,” ni wọ́n wí. “Àwọn àgbà wa ní inú àrá ló ti ń já bọ́. Ilé tí òkúta yìí bá wà, àrá kì í kọlù ú. Ìyá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí mò ń kúrò nílé.”

Ẹ̀rù bà mí gidi. Bàbá bàbá mi ní ẹdùn àrá nínú ọpọ́n, ohun tí wọ́n sì sọ fún wa nípa rẹ̀ lọ́mọdé kò yàtọ̀ sí èyí rárá. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé ìyá yìí kì í ṣe adóṣù Ṣàngó? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá wọ síwẹ́tà pupa, mo ṣàkíyèsí. Mo se ẹ̀wà funfun kan tó jọ sèsé fún wọn, wọn ò jẹ ẹ́, mo sì rántí pé àwọn oníṣàngó kì í jẹ sèsé. Màmá ní ẹ̀wà máa ń jẹ́ kí inú àwọn wú. Èmi ò gbà.

Mo sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wa.

“Ìfura loògùn àgbà,” ló wí. “Tí nǹkan bá happen níbẹ̀, ìwọ tó ń wọlé jáde ló máa kọ́kọ́ affect. Gbé nǹkan yẹn kúrò jàre. Ìwọ gan-an lò ń ṣe ìyá yẹn lóore.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ń kọjá, kí Màmá tó jí, mo fi ọ̀rá wé òkúta náà, mo gbàdúrà lé e lórí, mo jù ú sínú ike ìdọ̀tí tó wà níta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi gbé e lọ. Mo wá ń yan bí ajagun tó ṣẹ́gun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi wá òkúta yẹn. Wọ́n wo inú fìríìjì, wọ́n wo inú bàtà. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní, “Òkúta wo, Màmá?” Ní Sátidé, ọmọ wọn wá, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ tó ń fọwọ́ tálẹ̀ lábẹ́ àga. Ó kọjú sí mi.

“Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé òkúta kankan wà lójú fèrèsé yẹn rí?”

Bí mo bá ní ó wà, ìbéèrè tó kàn ni ibi tó gbà lọ. Mo wolẹ̀. Mo ní, “Rárá o. Èmi ò rí òkúta kankan.”

Màmá wò mí. Ọmọ wọn ní ó ti dájú wàyí pé orí ìyá òun kò pé mọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti wà ní ilé àwọn arúgbó ní apá Humble. Ọmọ wọn ta ilé náà.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Nínú àpótí onígíláàsì kan ni mo ti rí irú òkúta náà, pẹ̀lú ìlà márùn-ún rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dá inú òkun ni, tó kú sínú ẹfun, tó di òkúta, àti pé àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ gbà pé àrá ló ń jù ú sílẹ̀. Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí. Ká tilẹ̀ ní ti Ṣàngó ni, ta ló fi mí jẹ alága ilé onílé?

Mo wakọ̀ lọ sí Humble lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga Màmá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Òkúta náà wà, àbí?” ni wọ́n wí.

“Ó wà, Màmá.”

Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ erékùṣù náà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní bí òkúta tí àwọn ń fọwọ́ pa bá lè jẹ́ àlá, ó ṣeé ṣe kí òkè ẹfun náà jẹ́ àlá, kí ìyá àwọn tó fún àwọn ní òkúta ọ̀hún náà jẹ́ àlá. Ìgbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n ní kí n pe ọmọ àwọn, kí n sọ ọ́ létí rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn. Mo pè é. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó sì gé fóònù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ti di ti ẹlòmíràn, Màmá kò sì rí ibi padà sí.

Mò ń lọ kí wọn ní gbogbo ọ̀sán Sunday lẹ́yìn ìsìn, títí wọ́n fi kú síbẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí, mi ò sì béèrè. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn erékùṣù wọn díẹ̀díẹ̀, ti òkun tó funfun àti ti ọba àti ẹṣin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ gbólóhùn méjì, wọ́n á dúró, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, “Ṣé o gbà mí gbọ́?” Mo máa ń ní, “Mo gbà yín gbọ́, Màmá.” Wọ́n á sọ gbólóhùn méjì sí i, wọ́n á tún bi mí. Kí n tó wọ ilé wọn, Màmá kì í bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.