Ọwọ́ Màmá Lórí Àpò Èémí

Òórùn gàárì tí wọ́n ń yan lágbàlá kejì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìlaró, tòun ti èéfín igi tútù nínú ọyẹ́. Mo nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹní, mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi, Ràfátù. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ ń súfèé.

Ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, ti ń bá a jà láti kékeré. Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì bọ́dà ni Bàbá ti máa ń ra ìnhélà, oògùn tí Ràfátù ń fà sẹ́nu, bọ̀ tó bá lọ tajà. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ti bọ́dà pa, Bàbá há sọ́hùn-ún, oògùn sì ti tán nílé.

Ká tó dé ọsibítù ńlá, ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀mí wọn ń bọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, àmọ́ ara ẹlòmíì ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń báni mí wà. Nọ́ọ̀sì kan wá ń fọwọ́ tẹ àpò rọ́bà tó ń fẹ́ èémí sí i nínú. Nígbà tí wọ́n pè é kíákíá síbi bẹ́ẹ̀dì mìíràn, ó fi àpò náà lé Màmá lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ rọra o. Ẹ jẹ́ kí èémí jáde tán kẹ́ ẹ tó tún un tẹ̀."

Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, mo rí Màmá tó ń tẹ̀ ẹ́ wéré wéré. "Ràfá mi, mí. Jọ̀ọ́, mí." Nọ́ọ̀sì sáré padà, ó gbà á, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ràfátù kú kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá gba ọ̀nà inú igbó dé lọ́jọ́ kẹta, ìnhélà méjì wà lápò rẹ̀. Ó pè mí jókòó, ó ní, "Kí lo rí?" Màmá máa ń sọ fún wa pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo ní, "Màmá tẹ̀ ẹ́ yára jù."

Màmá wà lẹ́yìn mi, omi Bàbá ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé omi náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọlé.

Èmi náà di nọ́ọ̀sì, irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti wá mọ̀ pé àyà Ràfátù ti dí pa ká tó gbé e débẹ̀, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí Màmá fi tẹ àpò yẹn kọ́ ló pa á. Lọ́dún tó kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí.

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ ọmọ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, òun ni mo gbà gbọ́."